Ṣé Phil Jones fi ẹ̀bùn rẹ̀ ṣòfò ni? Èsì sí àríyànjiyàn kan láti Pànṣẹ́kẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa kan tí a jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù ní Pànṣẹ́kẹ́, ní Abẹ́òkúta níbí, ni a ń jiyàn lórí Phil Jones, ẹni tó gbá ẹ̀yìn fún Manchester United. Àwọn kan nínú wa ní ọ̀lẹ ni, pé ó jẹ owó ẹgbẹ́ náà fún ọdún 12 láìṣe ohun gidi kan, àti pé Alex Ferguson, akọ́nimọ̀ọ́gbá United nígbà náà, ló gbé e ga ju bó ṣe mọ lọ. Àwọn yòókù ní orúnkún ló dá a lọ́nà, pé bí kì í bá ṣe ti orúnkún ni, ì bá ju Ferdinand àti Vidic, àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù àárín ẹ̀yìn United, lọ. Ìhà wo ló jàre? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún bá wa sọ bí a ṣe lè dá ọmọdé tí yóò di àgbà agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn mọ̀, nítorí àwa náà ní ọmọ kan ládùúgbò tí gbogbo wa ń yìn.

ÈSÌ: Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú àríyànjiyàn o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìparí kó tó mọ̀ ọ́n. Phil Jones kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, ẹni tó bá sì pè é bẹ́ẹ̀ kò wo eré rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, n kò gbà pẹ̀lú àwọn tó di gbogbo ẹ̀bi ru orúnkún. Èrò tèmi ni pé ìgboyà àti agbára ara ni a rí lára ọmọ náà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 19, òun náà ni a sì pariwo rẹ̀ káàkiri, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń mú kí agbábọ́ọ̀lù àárín ẹ̀yìn pẹ́ lórí pápá ni òye láti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Òye yìí kì í wá lọ́jọ́ kan. Inú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀ léra, ní ipò kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan náà, ni ó ti ń gbó, Jones kò sì rí èyíkéyìí gbà tó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìrètí náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìlú Preston ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kejì ọdún 1992, ọ̀dọ̀ Blackburn Rovers ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18, wọ́n mú un wọ Premier League fún ìgbà àkọ́kọ́, Chelsea tó gba ife-ẹ̀yẹ líìgì ní sáà yẹn gan-an ni wọ́n sì fi dán an wò. Ọ̀mì ni wọ́n ta, 1 sí 1. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Manchester United rà á ní iye tí àwọn oníròyìn fi sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 ààbọ̀ pọ́ùn. Kò tíì pé oṣù méjì níbẹ̀ tí United fi pàdé Manchester City nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Community Shield, tí City sì ti gbá bọ́ọ̀lù 2 sáwọ̀n kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi. Ferguson fi Ferdinand àti Vidic jókòó, ó ní kí Jones àti Jonny Evans wọlé, United sì jáwé olúborí pẹ̀lú àmì ayò 3 sí 2. Lóòótọ́, Nani ló gbá 2 nínú 3 yẹn sáwọ̀n, Chris Smalling ló gbá èyí tó kù, ṣùgbọ́n olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kì í ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Àgbà méjì jáde, ọmọdé méjì wọlé, ìṣẹ́gun sì dé. Ìtàn ti délẹ̀ nìyẹn. Kí oṣù Kẹjọ ọdún yẹn tó parí ni wọ́n na Arsenal ní 8 sí 2 ní Old Trafford, Jones àti Evans náà ló sì tún dúró lẹ́yìn.

Ohun tí ojú wa rí ní ọjọ́ wọ̀nyẹn dùn ún wò. Ọmọ náà a gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ atamátàsé, a gbé e gba àárín pápá kọjá, a sì máa sáré lọ títí yóò fi dé etí àpótí pẹnáritì àwọn tó ń bá ta kàn-ń-gbọ̀n. Kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ibi tí ẹlòmíràn yóò ti fi ẹsẹ̀ wọlé, orí ni òun yóò fi wọlé. Ìgbà kan tilẹ̀ wà, ní ọdún 2015, tó ṣubú sílẹ̀ níwájú Olivier Giroud ti Arsenal, tó sì ń fi orí ti bọ́ọ̀lù lórí koríko. Gbogbo ayé pariwo, àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè tí akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò bi ara rẹ̀ ni pé kí ló dé tí àgbà agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn fi wà nílẹ̀ ní àkókò yẹn. Ẹni tó bá tètè dé ibi tó yẹ kó dé kì í sábà ní í fi orí gbá ilẹ̀.

Ní ọdún 2013, nígbà tí Ferguson ń palẹ̀mọ́ láti fẹ̀yìn tì, ó sọ ọ́ ní gbangba pé bí Jones ṣe ń bọ̀ yẹn, ó lè di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ tí ẹgbẹ́ náà tíì ní. Ẹ rántí pé ẹgbẹ́ tí George Best, Bobby Charlton àti Duncan Edwards gbá fún ló ń sọ. Edwards yìí ni àwọn kan tilẹ̀ fi Jones wé. Ọmọ ọdún 21 péré ni Edwards nígbà tó kú ní ọdún 1958 lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ti Munich, ọjọ́ tó kú, 21 oṣù Kejì, ló sì bọ́ sí ọjọ́ ìbí Jones. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ẹni tó bá kú ní kékeré, tàbí tí ìpalára dá dúró, kò sí bí a ṣe lè fi ojú rí òpin ìrètí tí a ní nípa rẹ̀. Ọdọọdún ló ń dára sí i lẹ́nu wa. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó máa ń jókòó nítòsí pápá M.K.O. Abíọ́lá ní Kútọ̀. Wọn yóò sọ ti Abíọ́lá Babes fún yín, ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta tó gba Challenge Cup ní ọdún 1985 àti 1987, wọn yóò sì fi kún un pé ọmọ kan wà nígbà náà tí ì bá ju gbogbo wọn lọ bí kì í bá ṣe ti báyìí-báyìí. Ó lè jẹ́ òtítọ́. Kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, ìdí nìyẹn tí ìhà tó ní "bí kì í bá ṣe ti orúnkún ni" ní Pànṣẹ́kẹ́ kò fi lè pàdánù láéláé, tí kò sì lè borí.

Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ń fi ọmọ náà sí. Oṣù Kẹwàá ọdún 2011 ló kọ́kọ́ wọ aṣọ England, nígbà tí wọ́n pàdé Montenegro, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀yìn ni wọ́n sì fi sí. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé e sí àárín pápá láti kojú Spain tó gba ife àgbáyé ní ọdún 2010. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, Ferguson náà fi sí àárín pápá kó máa tẹ̀ lé Marouane Fellaini ti Everton kiri, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó tún wà ní àárín pápá ní Bernabéu láti dènà àwọn Real Madrid. Ní ife àgbáyé ti Brazil ní ọdún 2014, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n ti mú un bẹ̀rẹ̀ ni ti Costa Rica, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀yìn. Ní Russia ní ọdún 2018, ọ̀kan nínú ẹni mẹ́ta tó dúró lẹ́yìn ni. Nígbà tó wà ní kékeré, oríyìn ni gbogbo wa fi èyí ṣe, pé kò sí ibi tí kò lè gbá. Nígbà tó di ọmọ ọdún 26, àwọn tó yìn ín yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ibo gan-an ni ipò rẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbá ẹ̀yìn rí lè rò pé ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀yìn ní ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá tó ń bá a ṣọ́ apá kan, kò sí ẹni tó lè gba ibẹ̀ yọ sí i. Ẹni tó wà láàárín pápá, iwájú àti ẹ̀yìn ni ewu ti ń wá bá a, nítorí náà orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí ṣáá, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣìṣe, àwọn kan ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò tún un ṣe. Agbábọ́ọ̀lù àárín ẹ̀yìn ní tirẹ̀, gbogbo pápá ló tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ohun tó ń rí, kó pinnu bóyá kó jáde lọ pàdé atamátàsé tàbí kó fà sẹ́yìn, kó sì pinnu rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀, nítorí pé bí ọ̀kan bá jáde tí èkejì kò sì mọ̀, àyè ti ṣí sílẹ̀ láàárín wọn nìyẹn, bí ọ̀kan bá sì fà sẹ́yìn ju àwọn yòókù lọ, ó ti ba ọ̀fúsáìdì tí wọ́n ń dẹ jẹ́. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó lè fi ẹnu kọ́ni ní èyí tán. Ferdinand àti Vidic kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò jáde, nítorí pé ọdọọdún ni wọ́n jọ ń ṣe é. Igi tí a bá ń hú tí a sì ń tún gbìn lóṣooṣù lè má kú, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò ní jinlẹ̀.

Iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 229 ni Jones gbá fún United láàárín sáà 12. Ferdinand náà lo sáà 12 níbẹ̀, 455 ni tirẹ̀. Vidic gbá 300 láàárín ọdún mẹ́jọ àti ààbọ̀. Èyí já sí pé nǹkan bíi 19 ni ti Jones ní sáà kọ̀ọ̀kan, a sì tún ní láti yọ àwọn tó gbá lọ́wọ́ ọ̀tún àti láàárín pápá kúrò. Ní ti ẹnì kejì rẹ̀, ẹ máa ka orúkọ: Evans, Smalling, Rojo, Blind, Bailly, Lindelöf, Maguire. Ní ti akọ́nimọ̀ọ́gbá, lẹ́yìn Ferguson ni Moyes dé, Van Gaal tó fẹ́ràn láti fi ẹni mẹ́ta sẹ́yìn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Mourinho, Solskjaer, Rangnick. Ìgbà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ rántí. Ní ìparí ọdún 2016, lábẹ́ Mourinho, wọ́n fi òun àti Marcos Rojo sí àárín ẹ̀yìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó tẹ̀ léra, Jones sì balẹ̀. Kò sáré kiri, kò ṣubú kiri, ó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó wo àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn rí agbábọ́ọ̀lù tí ì bá jẹ́. Nígbà tó yá, ìpalára tún mú un lọ.

Mo fẹ́ ya díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa, nítorí ọjọ́ kan wà tí mo máa ń rántí bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Ọjọ́ kan náà tí Jones ń lé Fellaini kiri ní Old Trafford, 10 oṣù Kejì ọdún 2013, ni Kenneth Omeruo tiwa, ọmọ ọdún 19, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars Àkúrẹ́ ní Johannesburg, tí Nàìjíríà na Burkina Faso ní 1 sí 0, tí ife Áfíríkà sì di tiwa. Stephen Keshi ti fi Joseph Yobo, balógun ikọ̀ náà, jókòó nítorí àwọn ọmọ méjì yìí. Ẹ wo ohun tí Keshi ṣe: ó fún Omeruo ní ipò kan, ó fún un ní ẹnì kejì kan, ó sì jẹ́ kó dúró síbẹ̀, ọmọ náà sì gbó lójú wa láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òdìkejì ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Chelsea ló ni ín láti oṣù Kìíní ọdún 2012 títí di ọdún 2019, wọ́n ń yá a fún àwọn ará Netherlands, Middlesbrough, Tọ́kì àti Spain, kò sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdíje kan ṣoṣo fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́ jiyàn lórí ẹni tí wọn kò fún láyè, Omeruo ni kí ẹ fi ṣe é. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí ìdúró sójú kan ń ṣe, ẹ wo Taye Taiwo, ẹni tí wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí ẹnì kẹta tó dára jù lọ nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 2005, lẹ́yìn Messi àti Mikel. Marseille fi sí ọwọ́ òsì ẹ̀yìn, ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 2011, ó sì bá wọn gba líìgì Faransé ní ọdún 2010.

Ó wá kan orúnkún. N kò fi ojú kékeré wò ó. Láàárín egungun itan àti egungun ojúgun, kèrékèré méjì tó rí roboto lápá kan wà nínú orúnkún kọ̀ọ̀kan, àwọn ló ń gba ìwúwo ara tí kì í jẹ́ kí egungun máa ha egungun. Bí ènìyàn bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, tí ara òkè sì yí lójijì, wọ́n lè ya. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibi tó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà kì í rọrùn fún wọn láti jinná, èyí tí dókítà bá sì gé kúrò kì í tún hù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Tranmere nínú FA Cup, 26 oṣù Kìíní ọdún 2020, èyí tí Jones ti gbá bọ́ọ̀lù kan sáwọ̀n, ni a rí i gbẹ̀yìn kí orúnkún tó fi jókòó. Oṣù Kìíní ọdún 2022 ló tó tún wọ pápá fún United.

Ṣùgbọ́n ibí yìí ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ní orúnkún ni gbogbo rẹ̀. Paul McGrath, ọmọ Ireland, ní orúnkún tó burú débi pé kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bá àwọn yòókù ṣe ìgbáradì. United jẹ́ kó lọ sí Aston Villa ní ọdún 1989, àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dìbò yàn án ní ẹni tó dára jù lọ ní England ní ọdún 1993. Ledley King ti Tottenham náà kì í bá wọn sáré láàárín ọ̀sẹ̀ ní ọdún tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nìkan ló ń wọ pápá, síbẹ̀ ó gbá ju 300 lọ fún ẹgbẹ́ náà kó tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2012. Orúnkún àwọn méjèèjì yìí kò sàn ju ti Jones lọ. Ohun tó gbé wọn ró ni pé wọ́n tètè ń rí i. Ẹni tó bá ti gbé ìṣísẹ̀ méjì kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá a kò nílò láti sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò nílò láti yí bírí, kò sì nílò láti ju ara sílẹ̀. Gbogbo ìpẹ́dé díẹ̀ tí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn bá pẹ́ dé, orúnkún àti ìbàdí rẹ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a ń yin Jones pé ó ń fi ara rẹ̀ jìn, gbèsè ni a ń yìn. Mi ò sọ pé òun ló fa ìpalára rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ara yàtọ̀ síra, ẹlòmíràn a sì máa ṣubú jù ú lọ láìsí nǹkan kan tó ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé irú eré tó ń gbá kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún orúnkún tó bá bàjẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo ohun tí mo ń wí nínú ìran kan ṣoṣo, ẹ tún wo àṣekágbá FA Cup ti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, èyí tí Chelsea fi 1 sí 0 gbà lọ́wọ́ United, tí Victor Moses tiwa wà nínú ikọ̀ Chelsea. Nínú ìdajì àkọ́kọ́, Cesc Fàbregas gbé bọ́ọ̀lù gígùn kan sí iwájú Eden Hazard, Hazard fi ìfọwọ́kàn àkọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ Jones kọjá, Jones lé e, ó fi ẹsẹ̀ yọ̀ sílẹ̀ nínú àpótí, ó sì gbá Hazard ṣubú. Pẹnáritì ni, Hazard fúnra rẹ̀ ló gbá a sáwọ̀n. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ tó fi yọ̀ yẹn. Ẹ fa fọ́nrán náà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ wo Jones ní ìgbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lẹ́sẹ̀ Fàbregas tí ẹnikẹ́ni kò dí i lọ́wọ́. Bí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù bá ní àyè láti gbé orí sókè bẹ́ẹ̀, àgbà agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn yóò ti máa fà sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ni yóò kọ sí i, kì í ṣe àyà. Jones kọ àyà sí i. Nígbà tí bọ́ọ̀lù gbéra, ó ní láti kọ́kọ́ yí padà pátápátá kó tó lè sáré, Hazard kò sì jẹ́ ẹni tí a ń fún ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ìgboyà ló fi lé e. Ìgboyà náà ló fi yọ ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún 26 ni, iye ọjọ́ orí tí ó yẹ kí irú òye yẹn ti wọ ara.

Ní ti ẹ̀sùn ọ̀lẹ, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Owó tí ẹ ní ó jẹ, ẹgbẹ́ ló fún un ní ìwé àdéhùn tuntun ní oṣù Kejì ọdún 2019, títí di ọdún 2023, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú sí àwọn tó fọwọ́ sí i. Ferdinand náà sọ ọ́ ní ọdún 2021 pé Jones kàn ń gba ààyè tó yẹ fún ọmọdé. Solskjaer bọ́ síta láti gbè é, Ferdinand sì tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Jones fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba bí àwọn ọdún yẹn ṣe ni ọkàn rẹ̀ lára tó. Ọ̀lẹ kì í ṣe ìgbáradì fún ọdún méjì gbáko ní òun nìkan láti padà wá gbá Wolves ní 3 oṣù Kìíní ọdún 2022, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí United pàdánù 1 sí 0 tí òun sì wà lára àwọn tó gbìyànjú jù. Ọdún 2024 ló kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ọdún 32. Àwọn àwòrán tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ojú rẹ̀ nílé ìwòran, ojú ẹni tó ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́ ló wà nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀kan rí.

Ìdájọ́ mi lórí ìjà yín rèé: àwọn tó ní ọ̀lẹ kò jàre rárá. Àwọn tó ní orúnkún jàre dé ìdajì. Bí orúnkún náà bá ṣe dáadáa, mo gbà pé Jones ì bá gbá nǹkan bíi 350, kó sì jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ ńlá fọkàn tẹ̀, bí Smalling tó gbá 323. Láti ju Ferdinand lọ, ìyẹn ń béèrè irú ojú mìíràn, n kò sì rí ẹ̀rí tó tó pé ó ní in, yálà kó tó farapa tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ferguson mọ bọ́ọ̀lù jù mí lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni Jones wà nígbà tí ó sọ̀rọ̀ yẹn, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà gba ara rẹ̀ gbọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá ń yin ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dá dúró.

Ọmọ àdúgbò yín wá kù. Ẹ kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀, mo sì fẹ́ gbà pé kò tíì pé 16. Nígbà tí ẹ bá tún lọ wò ó, ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Òun ni kí ẹ tẹjú mọ́, pàápàá nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà ní apá ibi tí kò sí. Ṣé orí rẹ̀ ń yí láti wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àbí ojú rẹ̀ kàn tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù bí ti àwa òǹwòran? Ṣé ó ń pe orúkọ ẹnì kejì rẹ̀? Bí ẹni tó ń bọ̀ bá ní àyè láti gbé orí sókè, ṣé ẹsẹ̀ ọmọ náà ń lọ sẹ́yìn kó tó gbá a, àbí ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá ló tó gbéra? Iye ìgbà tó fi ẹsẹ̀ yọ̀ gba bọ́ọ̀lù ni ẹ̀yin yóò fẹ́ kà, nítorí òun ni òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ọmọ tí ṣòkòtò rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dọ̀tí tí atamátàsé kò sì rí ọ̀nà gbà, òun ni kí ẹ pe akọ́nimọ̀ọ́gbá wá wò.

Bí òun bá sì ni ẹni tó ń yọ̀ sílẹ̀ kiri náà, kò burú, a lè kọ́ ọ. Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ fi sí ojú kan fún sáà kan tàbí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan náà, kó sì ní kó gbá ìdánrawò kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí kò ti gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ yọ̀ rárá, kó lè di dandan fún un láti tètè gbéra. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di atamátàsé ní ọjọ́ Sátidé nítorí pé ó ga, kó sì di aṣọ́lé ní ọjọ́ Àìkú nítorí pé aṣọ́lé kò wá. Pápá líle tí yanrìn àti òkúta wà lórí rẹ̀, bí èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí a ní ní Abẹ́òkúta, kì í ṣe ibi tí ọmọ ń fi orúnkún gbá ilẹ̀ lójoojúmọ́. Bí orúnkún rẹ̀ bá sì wú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ẹ má fi róòbù pa á kí ẹ sì tún ní kó wọ pápá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, kí ó sì jókòó títí dókítà yóò fi wò ó tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àṣekágbá àdúgbò yín.